Bí Òkèlè Ṣe Gba Àwo Mọ́ Ọbẹ̀ Lọ́wọ́

Bí ẹ bá jókòó ní ẹ̀ka ìtọ́jú àtọ̀gbẹ n'Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń rí dókítà, gbólóhùn kan ni ẹ ó máa gbọ́ léraléra lẹ́nu àwọn aláìsàn: "Mi ò tíì jẹun." Ẹ bi wọ́n wò pé kí ni wọ́n fi panu. Ọ̀kan á ní ẹyin méjì ni, èkejì á ní mọ́ínmọ́ín ni, ẹlòmíì á ní ẹ̀wà ni òun bù díẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò wọ ìṣirò. Lójú wa, ohun tí a kò bù lókèlè, tí a kò fi ọbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ìpápánu ni. Ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta kò tíì jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó fi omi ilá lásán gbé ẹ̀bà mì, ó ti yó.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi jẹun láyé mi, ẹ̀ka àtọ̀gbẹ yìí ni mo sì pẹ́ sí jù kí n tó fẹ̀yìn tì. Dókítà á kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí aláìsàn dín oúnjẹ afúnnilókun kù, á sì pe ẹlòmíì wọlé; èmi ni màá fa àga sún mọ́ onítọ̀hún láti ṣàlàyé. Ó máa ń dùn mí tí àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ń bá àgbàlagbà wí bí ẹni pé ọ̀kánjúwà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwo tó wà níwájú bàbá yẹn kò ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ogun ló gbé apá kan ibẹ̀ wá, kòkó gbé apá kan wá, ọkọ̀ ojú irin àti owó epo rọ̀bì sì kó ìyókù dé. Ẹni tí kò bá mọ bí àwo náà ṣe kún kò ní mọ ibi tí èèyàn ti lè bù kúrò nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kí aláìsàn yẹra fún oúnjẹ afúnnilókun ti pẹ́ ju ilé ìwòsàn èyíkéyìí nílẹ̀ wa lọ. Ní 1797, John Rollo, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe fi ẹran àti ọ̀rá tọ́jú ọ̀gágun kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Ní 1863, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ William Banting, tí iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ìsìnkú àwọn èèyàn ńláńlá, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìsanrajù. Ó sanra débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó lọ bá William Harvey, dókítà etí, ìyẹn sì ní kó fi búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún òyìnbó sílẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ìwé rẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ìlú ń kà. Kí wọ́n tó rí insulin ní Toronto láàárín 1921 sí 1922, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn tí oníṣègùn lè ṣe fún alátọ̀gbẹ ju pé kó gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, nígbà mìíràn títí ebi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó kù nínú àwo Banting lẹ́yìn tí wọ́n yọ búrẹ́dì kúrò. Ẹran màlúù kù, ẹran àgùntàn kù, ẹja kù: láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọlọ́rọ̀ ni, ẹran kò sì wọ́n fún un. Ẹ yọ òkèlè kúrò nínú àwo awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Bẹẹrẹ, kí ẹ sọ ohun tó kù fún mi. Ọbẹ̀ ṣíbí mélòó kan, ata, epo, àti ẹran kan tó tó ìdajì àtàǹpàkò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa wà, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti wọlé.

Gbogbo wa la mọ òwe àwọn àgbà: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ afúnnilókun. Òwe tó ń to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ kò dárúkọ ẹran, kò dárúkọ ẹ̀wà, kò dárúkọ ẹ̀fọ́. N kò ní parọ́ fún aláìsàn kankan pé àwọn baba ńlá wa kò jẹ òkèlè. Wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òwe náà kò mọ̀. Ó mọ ẹ̀kọ àti gúgúrú, tí í ṣe àgbàdo, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọdá òkun wá láti ìgbà àwọn Potogí ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Kò mọ ẹ̀bà. Kò mọ ìrẹsì. Kò mọ búrẹ́dì. Àwọn mẹ́ta tó pọ̀ jù lẹ́nu wa lónìí, àlejò ni gbogbo wọn lẹ́nu òwe.

Iṣu nìkan ló sì mọ bó ṣe ń fi ara rẹ̀ sí ìwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán gbọ́dọ̀ kọ ebè, kó fi nínú iṣu èsí ṣe èbù, kó fi igi gbé e gùn, kó ro oko léraléra, kó tó wá wà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iṣu á tán nínú àká. Àwọn oṣù tó ṣáájú iṣu tuntun le, àwọn èèyàn a sì máa fi ohun tí ilẹ̀ àti igbó bá mú wá gbé ara: olú tó hù lára igi tó ti kú, ìgbín, òkété, ẹ̀wà, ebòlò, yánrin, wọ̀rọ̀wọ́, ìlasa. Ìyá ìyá mi lè dárúkọ ewé tí a ń sè jẹ títí ọjọ́ á fi rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ mi kò dá a mọ̀ mọ́ tí wọ́n bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹran kì í ṣe ti gbogbo èèyàn ṣá o. Àgbà ló ń jẹ ẹran. Ọmọdé á lá ọbẹ̀, á fọwọ́ pa eegun. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ẹyin jẹ á jalè. Mo ti bá ìyá ọlọ́mọ tó ń sọ ọ́ báyìí jà nínú yàrá ìtọ́jú ọmọdé, torí ọmọ náà ti wú lẹ́sẹ̀ lójú mi nítorí pé ẹ̀kọ nìkan ló ń mu. Ọmọ tí a fi òkèlè tọ́, tí a fi ẹyin dẹ́rù bà, òun náà ni a padà wá sọ fún ní ọgọ́ta ọdún pé kó fi òkèlè sílẹ̀, kó máa jẹ ẹyin. Kí ló fẹ́ mú kó gbà á gbọ́?

Ẹ̀gẹ́ ló wá yí nǹkan padà. Ilẹ̀ Brazil ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etí òkun wa, ó sì pẹ́ gan-an létí òkun kó tó wọ inú ilẹ̀, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀: ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀, ó lè pa á. Lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà l'Ékòó. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí a ṣe ń fọ májèlé ẹ̀gẹ́, tí a sì ń yan án gbẹ. Àwọn náà ló mú fùréjọ̀n wá, ẹ̀wà tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ omi àgbọn, tí wọ́n ń fi ẹja jẹ lọ́jọ́ Fráídè Rere. Ó dùn mí pé gàrí tàn káàkiri, fùréjọ̀n sì dúró sí ìwọ̀nba agbègbè àti ìwọ̀nba ọjọ́.

Ohun tó sọ ẹ̀gẹ́ di tiwa ni ogun. Láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú títí dé òpin ogun Kírìjì ní 1893, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìran kan tí kò sá kúrò lóko rẹ̀ rí. Iṣu tí a ti wà, ọmọ ogun lè kó o nínú àká. Ẹ̀gẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa dúró de olówó rẹ̀. Igi rẹ̀ la gé gbìn, a kò fi oúnjẹ ẹnu ṣe èbù. Ilẹ̀ tó ti gbó tí iṣu kọ̀, ẹ̀gẹ́ kò kọ̀ ọ́. Fún ẹni tí ogun lé kúrò nílé, oúnjẹ bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí là, mi ò sì jẹ́ bú u.

Ìyá mi yan gàrí ní agbègbè Ìjẹ̀bú, òun ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára, tí èékánná wa á sì máa bá a lọ. Ìyá mi á dà á sínú àpò, á gbé e sórí igi, á to òkúta lé e. Omi funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àwa ọmọdé kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀, torí ewúrẹ́ tó bá mu omi yẹn kò ní rí alẹ́. Ọjọ́ bí i mélòó kan ló ń fi í sílẹ̀ kó lè kan. Ibẹ̀ ni gàrí Ìjẹ̀bú ti rí adùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á tú u, wọn á jọ̀ ọ́, a ó wá dá iná sábẹ́ agbada. Ìyá mi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ nínú èéfín, á fi àfọ́kù igbá tẹ̀ ẹ́, á yí i, á tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi máa dún ṣàrà-ṣàrà. Ẹni tó bá kánjú, tí kò jẹ́ kí omi yẹn jò tán, ó ń ta àrùn. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, dókítà iṣan ara ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú wọn ń ṣú, ó sì tọ ipa rẹ̀ dé inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ohun gidi mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn, tó tẹ̀ jáde ní 1968, ni mo fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké pé àwo tí òkèlè nìkan kún inú rẹ̀ ti ń ṣe wá léṣe kí ẹnikẹ́ni tó máa pariwo àtọ̀gbẹ.

Kòkó dé ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ó gba igbó tí à ń dẹ, ó gba ọwọ́ ọkùnrin tó ń kọ ebè, ó sì fi owó sí i lápò kó máa fi ra oúnjẹ. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Lójú mi, ibí yìí ni àwo ti yí padà jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà á sí. Ohun tó gbẹ ni ọkọ̀ ojú irin lè gbé lọ jìnnà. Èlùbọ́ láti òkè Ọ̀yọ́ lè dé Èkó láìbàjẹ́, gàrí lè wà nínú àpò fún oṣù. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, olú tútù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìlú ṣe ń tóbi, tí àwọn èèyàn ń jìnnà sí oko, òkèlè ń bá wọn lọ, ọbẹ̀ ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gàrí ti di ẹ̀mí Èkó. Oúnjẹ wọ́n, ìjọba amúnisìn sì fi òṣìṣẹ́ kan, Captain A. P. Pullen, ṣe olórí ètò tó ń fi iye sí oúnjẹ, tó sì ń tà á ní ọjà tí ìjọba yàn. Iye tí wọ́n fi lé e kò tó owó tí àwọn ìyá ọjà fi rà á lóko. Alimotu Pelewura, tó ń ta ẹja ní ọjà Èrékò, tó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà, ló ṣáájú wọn bá ìjọba jà. Ẹ ronú sí i: ẹlẹ́ja ló ń jà nítorí gàrí. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá rí gàrí rà kò ní wá ẹja.

Búrẹ́dì kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin l'Ékòó ní 1913, ló sọ ọ́ di òwò ńlá ní àwọn ọdún 1920. Ilé ìlọ̀yẹ̀fun dé Àpápá lẹ́yìn òmìnira, búrẹ́dì Agége sì di oúnjẹ àárọ̀ òṣìṣẹ́. Ìrẹsì, ní tirẹ̀, oúnjẹ ọdún ni nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kérésì àti Iléyá la fi ń jẹ ẹ́, àwọn tó wà nítòsí Ọ̀fadà sì ń gbin tiwọn. Owó epo rọ̀bì ti àwọn ọdún 1970 àti owó Udoji tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ìjọba ló jẹ́ kí ìrẹsì òkèèrè máa wọlé bí omi. Ìjọba fòfin dè é ní àwọn ọdún 1980, ó sì tún ṣí i. Ẹnu kò padà sẹ́yìn mọ́.

Ní 1971, Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 832 tó ní àtọ̀gbẹ. Àrùn náà ti wà láàárín wa nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní àrùn olówó. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí á di gbogbo ẹ̀bi ru òkèlè. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi àwọn ará gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní erékùṣù Karibíánì, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Àtọ̀gbẹ kéré jù lọ́dọ̀ àwọn tiwa, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ní Karibíánì, ó sì tún pọ̀ gan-an ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Àwọn tiwa wọ̀nyẹn jẹ àmàlà, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n jẹ iyán, ṣùgbọ́n ara wọn kò sanra bíi ti àwọn tó wà lókè òkun, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó kọ ebè títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí ti jó òkèlè rẹ̀ dànù. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó sídìí ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó, tó dúró jẹ àmàlà ní bùkátéríà, ìwọ̀n òkèlè bàbá rẹ̀ ló ń jẹ. Ebè ló kúrò, òkèlè kò kúrò.

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ẹ̀ka àtọ̀gbẹ, bébà tí a ń fún àwọn aláìsàn kún fún ohun tí wọn kò rí rí. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ ewébẹ̀ tí kò sí lọ́jà Bódìjà, kí wọ́n dín ọ̀dùnkún òyìnbó kù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́ nílé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá mú ìmọ̀ràn tiwa wá: ẹ máa jẹ wíìtì, ẹ máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ó ti wọ̀ wá lára débi pé ilé tí alátọ̀gbẹ bá wà, ẹ ó bá wíìtì níbẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Wọ́n mọ̀ pé Yorùbá kò lè fi òkèlè sílẹ̀, ni wọ́n bá fún un ní òkèlè mìíràn. Ṣùgbọ́n afúnnilókun ni wíìtì, afúnnilókun ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé oògùn ló pè é, á ro ó tóbi ju ẹ̀bà lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa gòkè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bébà tèmi. Ẹ̀kuru pẹ̀lú ata díndín. Ẹ̀fọ́ rírò tí a fi ẹja gbígbẹ àti irú sí dáadáa, tí a fi ṣíbí jẹ. Ẹ̀gúsí tó ki. Gbẹ̀gìrì nínú abọ́ láìsí àmàlà. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Ẹ̀wà pàápàá ní afúnnilókun nínú, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dúró pẹ́ nínú. Bàbá kan wo bébà náà, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa jẹ ewé bí ewúrẹ́ ni?" Mo ní, "Bàbá, ìyá tó bí ìyá yín ló jẹ gbogbo rẹ̀." Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá ìyá òun kò ra ẹja rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń tà á báyìí. Mi ò rí èsì fún un, torí òótọ́ ló sọ. Gàrí kóńgò kan á bọ́ gbogbo ilé. Iye yẹn kò lè ra ẹja tó máa tó èèyàn méjì. Ẹni tó bá ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn láti dín òkèlè kù, tí kò sọ̀rọ̀ nípa owó ẹ̀wà, owó ẹyin àti owó ẹja, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sì tún wà níbẹ̀. Ìyàwó bàbá yìí kan náà wá bá mi lẹ́yìn, ó rọra sọ fún mi pé òun kò lè gbé òkèlè kékeré síwájú olówó orí òun níṣojú àlejò; àwọn èèyàn á ní òun ń fi ebi pa á, tàbí pé ìfẹ́ ti tán. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwáwí. Bí òkèlè ṣe tó ni a fi ń mọ bí ọkọ ṣe níyì tó nínú ilé, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Mo rán an létí pé ẹ̀kọ ní ìwọ̀n látijọ́: inú ewé ni wọ́n ń pọ́n ọn sí, iye ẹyọ la sì ń kà. Mo ní kó máa pọ́n àmàlà sínú ọ̀rá kéékèèké bí àwọn olóúnjẹ ṣe ń ṣe, kó fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kún abọ́ ńlá, kó gbé ìyẹn ṣáájú. Ó bi mí pé ẹyọ mélòó. Mo ní ẹyọ kan. Ó ní méjì ni, torí ẹyọ kan kò ṣeé gbé fún ọkọ. A dúnàádúrà lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń ra aṣọ: ẹyọ méjì, kí ó dín bí wọ́n ṣe tóbi kù ní ìlàjì, kí òun náà sì máa jẹ irú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.